Orin Ọmọ Èmùré àti Ìwẹ̀ Bàbá Mi

Irọ́ tí mo kọ́kọ́ pa fún bàbá mi lẹ́yìn tí mo kúrò ní Ìkẹ́rẹ́, lórí iṣẹ́ ni. Ó béèrè lórí fóònù pé, "Uṣẹ́ wo ni wọ́n fún ọ ṣe lọ́hùn-ún yẹn?" Mo ní ilé ìwòsàn ni mo wà, èmi ni mò ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn. Ó ní, "Alihamudulilahi." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo mọ́sáláàsì àdúgbò wa ti gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ti di ọ̀gá ní ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó. Irọ́ ẹyọ kan péré ni mo pa. Èyí tó kù, bàbá mi ló fi kún un, inú rẹ̀ sì dùn débi pé mi ò lè tún un sọ mọ́.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an, àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀. Ilé ìtọ́jú kan ni, nínú ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀ kó rọ̀ tán. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fá irùngbọ̀n wọn, mò ń pààrọ̀ ìledìí wọn, mò ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Èmi tí mo ti jẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìsẹ̀, tí àwọn ọmọ máa ń du báàgì mi gbà lẹ́nu géètì! Irú iṣẹ́ yìí náà ni ìyàwó mi ń ṣe, ní ilé mìíràn, ṣùgbọ́n òun kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ní Ìlawẹ̀ mọ̀, ó sì ń gbàdúrà fún un. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi bo tèmi, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ramọ́tà, èmi wẹ arúgbó, ó di iṣẹ́. Ẹ̀yin wẹ arúgbó, ó di àṣírí."

Mo kó àwo lọ fọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé mi. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì mọ̀wà hù, pè mí sínú yàrá rẹ̀. Ó ní wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn pé n kì í wo ojú àwọn tí mò ń tọ́jú, pé bí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ńṣe ni mo máa ń gbójú sá, bíi pé nǹkan kan wà tí mò ń fi pamọ́. Ó yà mí lẹ́nu. Nílé wa, ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbàlagbà tó ń bá a wí, ìgbátí ló ń wá. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé tí mo ti mọ̀ pé ilẹ̀ là ń wò. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ọ̀gá mi pé ọ̀wọ̀ ni, ilẹ̀ náà ni mo sì ń wò ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣàlàyé. Ìyẹn tún wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Ó ní kí n lọ kọ́ bí a ṣe ń wo ènìyàn. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí, tíṣà ni mí, mo sì padà sílé lọ dúró níwájú dígí.

Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ju òtútù lọ ni pé ẹnikẹ́ni kì í béèrè ibi tí ò ń lọ. Ní Ìkẹ́rẹ́, ó máa ń bí mi nínú. O kò ní í rìn láti ilé dé ọjà kí ẹnu tó ń béèrè tó sú ọ: níbo lò ń lọ, ta lo fẹ́ rí, ìgbà wo lo máa dé, ṣé bàbá rẹ wà nílé? Mo máa ń rò pé òfófó ni. Nígbà tí mo ti lo oṣù méjì nílẹ̀ òyìnbó tí ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò ń bá mi sọ kò ju "haló" lọ, ni mo mọ̀ pé okùn ni gbogbo ìbéèrè yẹn, pé bí mo bá sọnù, àwọn tó béèrè ni yóò sọ ibi tí wọ́n ti rí mi kẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan tó ń fa ajá lọ béèrè lọ́wọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà pé níbo ni mò ń sáré lọ. Mo dúró, mo sọ fún un. Mo sọ iṣẹ́ mi, mo sọ ilé ìwé tí Ramọ́tà ọmọ mi ń lọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ iye iṣu tí bàbá mi gbìn lọ́dún tó kọjá, títí bọ́ọ̀sì fi kọjá lára mi. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, àmọ́ inú mi dùn ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Súlè, àbúrò mi, ló fi orin kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Wẹ́dà tó ń jó irin ni Súlè, ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìkẹ́rẹ́, ilé bàbá wa ló sì ń gbé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọ Èmùré kan ṣe. Gbogbo ìgboro ló ń kọ ọ́." Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ. Ohùn ọ̀dọ́kùnrin ni, kò le, kò sì yára, bí ẹni tó jókòó sórí ìjókòó tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:

Ta ló ní ọkùnrin kì í sunkún?
Ta ló bá a débẹ̀, ta ló rí i?
Màmá sunkún, wọ́n nu ojú fún un,
Bàbá sunkún, wọ́n ní kó bọ́ síta.
Ọwọ́ tó di ọkọ́ mú láti àárọ̀,
Ṣé kò lè di ọmọ mú lálẹ́ ni?

Níwájú, ó ní ìyàwó òun lọ sọ́jà, òun fọ aṣọ rẹ̀, òun sáré lọ wo dígí, irùngbọ̀n òun ṣì wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó jókòó tì mí sún kúrò. Mo tún un gbọ́, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi. Ó dà bí ẹni pé ọmọ yẹn wọ inú ilé mi, ó sì rí mi nídìí iṣẹ́ tí mò ń fi pamọ́ fún bàbá mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe bàbá mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀.

"Orin kan ń bẹ níta báyìí tí Súlè ń yí ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọkùnrin tó dirun, tó ń sọ fáyé pé òun ń fọ aṣọ ìyàwó òun. Kí ló kù tó máa sọ fún wa?"

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni, Bàbá."

"Àwọn ọkùnrin lọ́hùn-ún, ṣé bí wọ́n ti ń ṣe nìyẹn?"

"Àwọn kan, Bàbá."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ramọ́tà jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, mò ń dirun fún un. Ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́, ìrẹsì sì ń hó lórí iná. Mo ní, "Há, Bàbá! Èmi kẹ̀?" Ramọ́tà gbé ohùn sókè, "Dádì, ẹ rọra, ó ń dùn mí." Mo fi ọwọ́ bo fóònù. Ojú tì mí, kì í ṣe nítorí irun tí mò ń dì, nítorí ọmọ mi tó gbójú sókè wò mí ni.

Bàbá kan wà ní ibi iṣẹ́ wa tí wọ́n ń pè ní Tọ́mù. Bíríkìlà ni kó tó darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tóbi bí ọkọ́. Tọ́mù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ òun. Ó ti gbá ọmọbìnrin kan létí, ó ti ta omi sí òmíràn lára, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń sá fún un. Ní ọjọ́ tó kàn mí, mo wọlé pẹ̀lú omi gbígbóná, mo kí i, mo pè é ní Bàbá nítorí ẹnu mi kọ̀ láti pe arúgbó lórúkọ lásán. Mo ta táwẹ́lì ńlá bò ó láti ìdodo dé orúnkún, kí n tó bọ́ ohunkóhun lára rẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ táwẹ́lì, mo bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, mo gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tọ́mù kò gbá mi. Nígbà tí mo wọ aṣọ mímọ́ fún un tán, ó béèrè ẹni tó kọ́ mi.

Ìdáhùn tó yẹ ni pé wọ́n kọ́ wa nínú kíláàsì. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Bàbá mi ni."

Mo dúró ságbedeméjì yàrá yẹn bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Òótọ́ ni. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, ṣùgbọ́n bí Mùsùlùmí ọkùnrin bá kú ládùúgbò wa, òun àti Àfáà kan ni wọ́n máa ń lọ wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gòkè àgbà, ó pè mí wọlé pé kí n wá máa da omi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i bó ṣe ń fi aṣọ bo olóògbé láti ìdodo dé orúnkún, bó ṣe ń fi apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń rọra yí i bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Bí a bá jáde tán, kò ní í sọ ohun tó rí lára òkú fún ẹ̀dá alààyè kan. Ọwọ́ tó fi ń ro oko yẹn, mi ò rí ọwọ́ obìnrin tó rọ̀ tó o. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ní Ìkẹ́rẹ́ kò sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin.

Láti ìgbà yẹn, èmi ni Tọ́mù ń béèrè. Mo máa ń kọ orin ọmọ Èmùré sí i létí bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, òun náà á máa fi ìka lu ẹ̀gbẹ́ àga. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Nígbà tí òjò ilé bẹ̀rẹ̀, bàbá mi yọ̀ ṣubú lẹ́yìn ilé, egungun ìtan rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Adó, wọ́n sì dá a padà sílé pé kó máa sinmi. Súlè ń ròyìn fún mi lójoojúmọ́, gbogbo ìròyìn náà sì dára, títí di ọjọ́ tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, yàrá Bàbá ti ń rùn díẹ̀." Mo béèrè ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí. Nọ́ọ̀sì obìnrin kan wá lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá kò jẹ́ kó fọwọ́ kan òun. Ó ń fi omi nu ojú, ó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe tàyámọ́mù dípò àlùwàlá fún ìrun, ó tán. Mo ní kí Súlè yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bó bá sùn. Àwòrán tó fi ránṣẹ́, mi ò lè jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Egbò ti ń jẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bàbá mi. Mo mọ irú egbò yẹn. Mo ti rí àwọn tó pa níbi iṣẹ́ wa.

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Súlè máa wẹ̀ ẹ́, kó máa yí i.

"Òkú ni wọ́n ń wẹ̀," ni bàbá mi wí. "Mo ti wẹ̀ wọ́n, mo mọ̀ wọ́n. Mi ò tí ì kú. Ọjọ́ tí ukú bá dé, kí wọ́n wẹ̀ mí."

Mo ní kí Súlè bá mi sọ̀rọ̀ níta. "Má gbọ́ tirẹ̀, wẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè ṣe é. Kí n máa wo ìhòòhò bàbá mi? Kí àwọn ọmọṣẹ́ mi gbọ́ pé mò ń fọ ìdí àgbàlagbà?"

"Orin tí ò ń kọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ńkọ́?"

"Orin ni, Ẹ̀gbọ́n." Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó gún mi. "Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é lójoojúmọ́, ṣé ẹ ti sọ fún Bàbá?"

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Mo bínú sí Súlè fún bí wákàtí kan, nígbà tó yá mo rí i pé kò sí ohun tó ṣe tí èmi kò ṣe. Òun ń sá fún ìwẹ̀, èmi ń sá fún orúkọ rẹ̀. Bàbá wa sì wà láàárín wa, ó ń jẹrà. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mi ò lè lọ sílé, ìwé ìgbélùú wa ń bẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó bá jáde nígbà yẹn lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Mo jókòó sí kíṣìnnì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Ẹ sọ fún wọn."

"Yóò bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Wọ́n ti sọ fún gbogbo mọ́sáláàsì."

"Bàbá Ramọ́tà, ẹ̀yìn wọn ló ń jẹrà. Ọkàn ṣì lè dúró."

Mo pè é lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú, nítorí náà ìpayà ló fi gbé e. Mo ní kò sí nǹkan.

"Bàbá, mo parọ́ fún yín. Kì í ṣe ìwé ni mò ń tọ́jú níbí. Iṣẹ́ yín ni mò ń ṣe."

"Uṣẹ́ oko?"

"Rárá o. Ìwẹ̀."

Ó rò ó. "Òkú òyìnbó?"

"Alààyè ni wọ́n, Bàbá. Àwọn àgbàlagbà tí kò lágbára mọ́."

Adìyẹ kan ń ké níta níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ mi kedere.

"Ọkùnrin tó lajú sílẹ̀, ìwọ ló ń bọ́ ṣòkòtò lára rẹ̀?"

"Mo máa ń fi aṣọ bò ó láti ìdodo dé orúnkún, bí ẹ ṣe ń ṣe."

"Apá wo lo fi ń bẹ̀rẹ̀?"

"Ọ̀tún ni."

"Ohun tó o bá rí níbẹ̀, ṣé ò ń sọ ọ́ níta?"

"Mi ò sọ ọ́ rí, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." "Àwọn tí wọn kò wẹ̀, egbò ló ń pa wọ́n. Mo ti rí i. Èmi tí mò ń wẹ bàbá oníbàbá, kí tèmi wá kú sínú ìdọ̀tí? Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

Ó ní, "Mo gbọ́." Ó sì pa fóònù.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò gbé ìpè mi. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo padà. Mo rò ó pé mo ti pàdánù rẹ̀ lọ́nà méjì, pé mo ti gba ọmọ tó fi ń yangàn lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì wo egbò rẹ̀ sàn. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ènìyàn lè jìnnà sílé láìsí òkun kankan láàárín. Láti ọjọ́ tí mo ti parọ́ yẹn ni mo ti kúrò ní Ìkẹ́rẹ́.

Súlè ló pè ní ọjọ́ kẹrin. Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ará mọ́sáláàsì wá kí Bàbá, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè ọ̀gá ilé ìwòsàn. Bàbá ní, "Kì í ṣe ọ̀gá. Ó ń wẹ àwọn àgbàlagbà tó ṣì ń mí." Ẹni tó béèrè wá rọra ní, ṣé ọkùnrin máa ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ni? Bàbá mi wò ó.

"Ọjọ́ tó o bá kú, ta ni yóò wẹ̀ ọ́? Ṣé obìnrin ni?"

Súlè ní kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, Bàbá pè é, ó ní, "Lọ gbé omi kaná. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ kó wí fún ọ bí o ó ti ṣe é. Uṣẹ́ rẹ̀ ni."

A ṣe é ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Mo ní kí Súlè gbé fóònù kọ ojú sí ògiri, n kò fẹ́ rí bàbá mi láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ògiri pupa yẹn nìkan ni mò ń wò, àti kàlẹ́ńdà mọ́sáláàsì tó wà lára rẹ̀. Mo ní kó fi ìgúnpá tọ́ omi wò. Mo ní kó ta aṣọ bò wọ́n. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, kó yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má fi kànìnkànìn kan egbò, kó kàn da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Mò ń gbọ́ omi, mò ń gbọ́ Súlè tó ń mí bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo. Nígbà tó dé ibi egbò, mo gbọ́ tó fa imú. Bàbá mi ní, "Kí ló dé tí o fi ń sunkún? Da omi jàre."

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, tí ó ti wọ jálábíyà funfun, ó ní kí Súlè yí fóònù sí òun. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ ṣì ń kán omi. Mo kí i kú ìwẹ̀, mo béèrè bó ṣe rí lára. Ó yẹ apá rẹ̀ wò, ó bojú wẹ̀yìn wo Súlè tó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ kí àbúrò mi má baà gbọ́.

"Ọwọ́ ọmọ yìí le," ni bàbá mi wí. "Ùgbà wo ni ìwọ ń bọ̀ nílé wá wẹ̀ mí?"